Ẹni Tó Wà Nínú Àpótí Nazzareno

Valsorba,
ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, 1975

Ottavio ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Párís níbẹ̀ yẹn? Ara tèmi le, àfi orúnkún ọ̀tún yìí tó máa ń bá mi jà bí òtútù bá ti dé. Delfina àbúrò rẹ ní òun ò kí ọ, níwọ̀n ìgbà tí o kì í ti í kọ̀wé sí òun. Mo bá a kí ọ ná.

Oṣù mẹ́rin rèé tí mi ò ti gbúròó rẹ. Lọ́jọ́bọ̀, ará pósítọ́fíìsì gbé páálí kan wá, inú mi dùn, mo ní ọmọ mi ti rántí mi. Mo tú u, ìwé tí o kọ ni mo bá níbẹ̀. Kò sí "Màmá, ẹ kú ilé" kankan nínú rẹ̀. Fọ́tò rẹ wà lẹ́yìn ìwé náà, o dá irùngbọ̀n sí bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ta ló kú? Nígbà tí o jẹ́ alága ìlú níbí, ojoojúmọ́ lo ń fárùngbọ̀n. Nígbà tí o di aṣòfin ní Róòmù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìgbà tí o fi òṣèlú sílẹ̀ tí o di oǹkọ̀wé la ò rí àgbọ̀n rẹ mọ́. Delfina tún ní fíìmù lo fẹ́ máa ṣe báyìí, pé wàá máa sọ fún àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n sunkún, wọ́n á sì sunkún. Ó dáa náà. Òkúta ni bàbá rẹ gbẹ́ títí tó fi kú, iṣẹ́ tìrẹ náà, iṣẹ́ ni.

Ọjọ́ Àwọn Òkú ti kọjá. Mo tẹ́ tábìlì bí mo ṣe máa ń ṣe, mo gbé búrẹ́dì lé e, mo bu omi kún jọ́ọ̀gì dé ẹnu, mo fa àga bàbá rẹ sẹ́yìn díẹ̀ kó lè ráyè jókòó. Ilẹ̀ mọ́, omi ò dín. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa ni òkú wọn mu omi. Ti Palmira tó kọjú sí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ kì í mu nǹkan kan tó yàtọ̀ sí wáìnì nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí a ṣì wà ní ìlú àtijọ́ nísàlẹ̀, bàbá rẹ máa ń mu tiẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi omi bo ìlú yẹn tí a gòkè wá síbí, ọdún méjìdínlógún, kò fẹnu kan omi mi rí. Mo ti bi í léèrè níbi ibojì rẹ̀ pé kí ni mo fi ṣe é.

Ìròyìn mìíràn ni pé mo ti jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mi sára òkúta ibojì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, bí àwọn opó yòókù ṣe ń ṣe. Wọ́n lẹ fọ́tò mi mọ́ ọn, wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ọjọ́ tí màá kú nìkan ló kù. Ihò kejì nínú ògiri tí wọ́n ń tẹ́ òkú sí yẹn, tèmi ni. Bí mo bá débẹ̀ ní Sọ́ńdè, ara mi ni mò ń wò. Kò bà mí lẹ́rù. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ ni mò ń lọ.

Wọ́n ní ilé iṣẹ́ iná máa tú omi adágún tó bo ìlú àtijọ́ dànù ní oṣù kẹjọ tó ń bọ̀, kí wọ́n lè tún ògiri tí wọ́n fi sé odò ṣe. A máa tún rí ilé wa.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà lọ́dọ̀ àwọn sísítà, ṣùgbọ́n mo mọ̀wé í kà. Ojú ìwé kan ni mò ń kà lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, dígí tí dókítà fún mi ni mo fi ń wò ó. Mo wà ní ojú ìwé 11. Mi ò tí ì rí àléébù kankan.

Kọ̀wé sí mi.

Ìyá rẹ,
Ersilia


Párís,
ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, 1975

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òtútù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ fíìmù yìí ni ò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ bá mi bẹ Delfina, ẹ sọ fún un pé mò ń kọ tiẹ̀ lọ́wọ́.

Kì í ṣe èmi ni mo fi ìwé yẹn ránṣẹ́. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fi í ránṣẹ́ sí Valsorba, wọn ò gbọ́. Màmá, ẹ bá mi gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀kọrọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ojú yín rí. Àwọn ará ìlú ńlá ni mo kọ ọ́ fún. Ẹ má fún Delfina náà kà.

Inú ìwé yẹn náà ni fíìmù ti ń bọ̀. Mo ti rí ẹni tó máa ṣe bàbá agbẹ́kùúta inú rẹ̀. Ulderico ló ń jẹ́, ará ilẹ̀ wa ni, ó ti ń mọ ilé níbí láti ọdún 1930, kò ṣeré rí, kò sì mọ̀wé kà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó wá ká dán an wò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni òjò ò tí ì rọ̀ ní Párís. Ó wọlé, ó rìn kọjá lórí pákó, gbogbo ibi tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ló tutù. Mo bi í pé ibo ló gbà wá. Ó ní ọkọ̀ ojú irin lòun wọ̀. Mo ní kó jókòó, kó má sọ̀rọ̀. Ó bọ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yí etí àkẹtẹ̀ náà po díẹ̀díẹ̀, bí bàbá ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń dúró kí n sọ̀rọ̀ mi tán. Mi ò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ fíìmù máa lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ti orúkọ yín tí ẹ ní kí wọ́n kọ sára òkúta, kí ló dé tí ẹ kánjú bẹ́ẹ̀? Ṣé wọn ò lè pa á rẹ́ ná? Ẹ ṣì máa pẹ́ láyé.

Ọmọ yín,
Ottavio


Valsorba,
ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní, 1976

Ottavio,

O kú ọdún o. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo wà ní ojú ìwé 69. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀kọrọ̀ tí o ní ó wà níbẹ̀, mi ò rí i, àfi ọkùnrin kan tó ń tọ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú mi ti rí ìyẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí lo wá ń fi pa mọ́ fún mi?

O tún ní kí n pa orúkọ mi rẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ rí kí ọmọ sọ fún ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó pé kó má sùn ti ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo àsìkò ọdún yìí. Nígbà tí mo bá ń fọ abọ́, màá kàn dúró.

Mo wá ń rántí ọjọ́ tí a kó àwọn òkú wa gòkè. Oṣù kẹwàá, 1957. Bàbá rẹ ti lo ọdún mẹ́fà nínú ilẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn àpótí páànù kéékèèké ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù, fèrè ń dún, Fádà Celso ń wọ́n omi mímọ́. O so ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta ti alága ìlú mọ́ àyà, o sọ̀rọ̀ débi pé àwọn ọkùnrin sunkún. Àwa ìdílé mọ́kàndínlógún tí òkú wa wà ní ìlà ìsàlẹ̀ itẹ́ òkú àtijọ́ dúró pa pọ̀. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ gbé àpótí lé mi lọ́wọ́, o ní, "Màmá, ẹ gba bàbá." Ó fúyẹ́. Ọkùnrin tó sanra ni bàbá rẹ. Mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé áà, ikú máa ń jẹ èèyàn tán.

Ṣé o rántí Gervasio, agbẹ́lẹ̀ òkú tó bá ọ ṣiṣẹ́ nígbà yẹn? Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, kò gbẹ́lẹ̀ mọ́, ó kàn máa ń jókòó sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri itẹ́ òkú ni. Bí mo bá ń kọjá, á bọ́ fìlà, á sì wolẹ̀. Ní Sọ́ńdè, mo dúró lé e lórí, mo ní, "Gervasio, kí ni mo fi ṣe ọ́ tí o kì í fi í wo ojú mi?" Ó ní, "Ẹ bi Ottavio."

Mo wá ń bi ọ́.

Ìyá rẹ


Párís,
ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní, 1976

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Gervasio ti ń mutí láti kékeré, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ní ti àpótí, egungun ló fúyẹ́, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Màá wá sílé ní Ọdún Àjíǹde. Tí mo bá dé, a ó jọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi pa ìwé yẹn dé, mo fi ọmú tí mo mu bẹ̀ yín. Mo ti ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ń ka ojú ìwé kan lójúmọ́, mo mọ ọjọ́ tí ẹ máa dé ibi tí mi ò fẹ́ kí ẹ dé. Mi ò rí oorun sùn.

Ottavio


Valsorba,
ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, 1976

Ottavio,

Mo ti ka ojú ìwé 121. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Alága ìlú kan dúró sábẹ́ àtíbàbà. Ó ń wo agbẹ́lẹ̀ òkú kan tó ń kó egungun láti inú kòtò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, egungun àwọn ará àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn mọ́, ó ń pín in sínú àpótí mọ́kàndínlógún bí ẹni pín ẹran ọdún. Nígbà tó pín in tán, alága ìlú ka àwọn àpótí náà, ó mú gègé, ó fọwọ́ sí i pé gbogbo òkú ti gòkè.

Mo pa ìwé dé, mo wọ kóòtù, mo lọ. Mo dúró níwájú òkúta. Fọ́tò mi ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ pe bàbá rẹ, ẹnu mi ò là, nítorí mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ pè. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń tan fìtílà síwájú ihò yẹn, tí mò ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ti sọ ti ọkọ Delfina tó ń lù ú fún un. Mo sọ fún un pé o kì í lọ gba Máàsì mọ́. Ọdún tí mo ṣàìsàn, mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí. Ta ni mò ń sọ gbogbo rẹ̀ fún?

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kó o kọ. Má kọ ìwé mìíràn sí mi.

Ersilia


Valsorba,
ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta, 1976

Ottavio,

Mi ò rí èsì.

Ìyá rẹ


Valsorba,
ọjọ́ kejì Ọdún Àjíǹde, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin, 1976

Ottavio,

Lánàá, mo se ọ̀dọ́ àgùntàn, mo gbé àwo sílẹ̀ dè ọ́. Delfina ní kí n máa jẹun, pé o ò wá mọ́. Mo dúró títí oúnjẹ fi tutù. Ó wá di ẹni méjì tí mò ń tẹ́ tábìlì dè tí wọn kì í wá.

Gervasio kú ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ mímọ́. Mo lọ bá ìyàwó rẹ̀ dárò. Ó ní fún ọjọ́ méjì tó fi ń kú lọ, orúkọ ló ń pè, pé bí wọ́n ṣe tò nínú ìlà ìsàlẹ̀ ló ṣe ń pè wọ́n, láti ẹnu ọ̀nà dé ìparí. Ó pe méjìdínlógún. Tó bá ti dórí ìkẹyìn, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìwọ náà mọ ẹni tó wà níkẹyìn ìlà.

Ìyá rẹ


Párís,
ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, 1976

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka lẹ́tà yìí lórí ìdúró.

Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ò sí nínú àpótí yẹn. Kò fìgbà kan sí níbẹ̀.

Ilẹ̀ àwọn ìlà òkè gbẹ, wọ́n gbé àwọn òkú ibẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Amọ̀ ni ìlà ìsàlẹ̀, omi wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá gbẹ́ láàárọ̀, omi á ti kún un kó tó dọ̀sán. Ẹnjiníà ilé iṣẹ́ iná wá bá mi, ó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn máa sé odò, ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní bí mo bá tọrọ àyè sí i, iṣẹ́ máa dúró di ọdún tó ń bọ̀, iná ò ní dé, ilé tuntun yín ò ní parí. Ìdìbò sì ń bọ̀. Mo fẹ́ lọ sí Róòmù, Màmá. Mi ò ní parọ́ èyí náà fún yín.

Nínú ìwé mi, agbẹ́lẹ̀ òkú ló dá àbá egungun kòtò. Irọ́ ni. Èmi ni mo dá a. Mo ní kí obìnrin kankan má gòkè lọ lọ́wọ́ òfo. Mo rò pé àánú ni mò ń ṣe. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ṣì ń rò bẹ́ẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mi ò kọ sínú ìwé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Gervasio wá bá mi, ẹrẹ̀ ti mù ún dé ìbàdí. Ó ní, "Ottavio, àyè ẹnì kan ṣoṣo ṣì kù. Sọ̀rọ̀, kí n gbé bàbá ẹ jáde." Mo wo ibojì bàbá. Mo ronú pé bí mo bá gbé tèmi, tí mo fi àwọn méjìdínlógún sílẹ̀, irú ènìyàn wo ni Gervasio máa mọ̀ mí sí? Mo ní, "Fi í sílẹ̀." Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ síwèé pé mo fojú ara mi rí i pé gbogbo wọn ti gòkè.

Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ṣe aṣòfin. Nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i, ọwọ́ mi á tutù wọnú egungun. Ìdí tí mo fi kúrò nínú òṣèlú nìyẹn, kì í ṣe àìsàn tí mo sọ fún yín. Mo ní kí n máa kọ̀wé, bóyá yóò fi mí sílẹ̀. Ìwé mẹ́rin ni mo ti kọ. Bàbá wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sọ̀rọ̀ nínú ọ̀kankan.

Ọmọ yín,
Ottavio


Valsorba,
ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, 1976

Ottavio,

Mo jókòó kà á bí o ṣe ní. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò dáná.

Ibi tí o rò pé ó máa dùn mí kọ́ ló dùn mí. Pé o fẹ́ lọ sí Róòmù, ta ni ò mọ̀? Kódà àwọn adìyẹ mi mọ̀. Ti egungun kòtò burú, ó burú gan-an, ṣùgbọ́n mo lè rí bí èèyàn ṣe ń dé irú ibẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni pé àyè ẹnì kan wà. Ò bá gbé e jáde. Àwọn aládùúgbò ì bá pè ọ́ ní ẹlẹ́tàn, èmi náà ì bá bú ọ, ṣùgbọ́n ọkọ mi ì bá wà lọ́dọ̀ mi. Ìwọ lo fẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ́ lójú Gervasio, bàbá rẹ lo sì fi fọ̀ ọ́.

Gbọ́ ohun tí màá sọ fún ọ yìí. Yàtọ̀ sí tiwa, ilé méjìdínlógún ló kù. Palmira wà nínú wọn. Ní gbogbo Sọ́ńdè, ó máa ń fẹnu ko òkúta ọkọ rẹ̀ lẹ́nu níṣojú mi, mo sì máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wá sílé kí wọ́n tó tú adágún. Kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wọn. Má gbé kámẹ́rà wá, má sì mú ìwé dání. Bóyá wàá ní wọ́n á rí i nínú fíìmù. Sinimá tó sún mọ́ wa jù, ogójì kìlómítà ni, Palmira ò sì wọ ọ̀kan rí. Ṣé àwọn ará Párís lo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ṣé bàbá tiwọn ló wà nínú ẹrẹ̀?

Ìyá rẹ


Párís,
ọjọ́ kejì oṣù keje, 1976

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú oòrùn. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ wí, mo gbà pé òótọ́ ni. Màá kan àwọn ilẹ̀kùn náà. Mo búra fún yín.

Ẹ kàn jẹ́ kí n ya fíìmù tán ní ìlú àtijọ́ ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni adágún máa fi gbẹ, wọn ò tún ní tú u fún ọdún mẹ́wàá. Bí àwọn ènìyàn bá ti mọ̀ ṣáájú, gbogbo wọn ló máa ya wọ inú ẹrẹ̀, ọlọ́pàá á dí ọ̀nà, a ò ní lè ya nǹkan kan. Nígbà tí mo bá parí, ọjọ́ kejì gan-an ni màá bẹ̀rẹ̀ láti ilé Palmira.

Ulderico kì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè pé ọjọ́ wo la máa lọ. Láàárọ̀ yìí, ó bi mí pé ṣé ìparí ìlà lòun máa dúró sí. Ẹnikẹ́ni ò bá a sọ̀rọ̀ ìlà rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí.

Ottavio


Valsorba,
ọjọ́ kejìlá oṣù keje, 1976

Ottavio,

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún ọ nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún ọ báyìí. Mi ò mọ ìgbà tí àyè máa tó ọ láti sọ òótọ́.

Mo ti sọ fún wọn. Lánàá, lẹ́yìn Máàsì, mo dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Fádà Celso fẹ́ di ọwọ́ mi mú, mo já a gbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ẹnjiníà dé orí kòtò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni ò pariwo. Ì bá dáa kí wọ́n pariwo. Palmira ló kọ́kọ́ lanu, ó ní, "Ersilia, láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Mo ní láti oṣù kejì.

Ó wò mí. Ó wò mí dáadáa. Sọ́ńdè bí ogún ló ti fẹnu ko òkúta yẹn níṣojú mi láti oṣù kejì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi ni mo bí ọ lóòótọ́.

Ersilia


Párís,
ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án, 1976

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo mọ̀ pé ẹ rí mi lórí òkè lọ́jọ́ tí gbogbo yín wọ inú adágún tó gbẹ. Èmi náà rí yín tí ẹ juwọ́ sí mi láti inú ẹrẹ̀ pé kí n sọ̀ kalẹ̀. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo lọ láìwọlé kí yín, ojú ló ń tì mí.

Fíìmù ti parí, ìyẹn ni pé kò sí fíìmù. Gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí yà ni ìgbà tí gbogbo yín kẹ̀yìn sí wa. Mo wò ó lánàá. Mo kà yín lọ́jọ́ náà láti òkè, ogójì ni yín. Lára ògiri tí a ti ń wo fíìmù, mọ́kànlélógójì ni. Ọkùnrin kan dé àkẹtẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní ọwọ́ òsì. Mo kọ́kọ́ rò pé Ulderico ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mi ni Ulderico wà lókè títí a fi lọ, kò tilẹ̀ jókòó.

Màmá, ta ló dúró tì yín?

Ottavio


Valsorba,
ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, 1976

Ottavio ọmọ mi,

Ara mi le. Ẹrẹ̀ yẹn ti ba orúnkún mi jẹ́, ṣùgbọ́n mò ń rìn. Delfina wà lọ́dọ̀ mi, ó ti kúrò ní ilé ọkọ rẹ̀. Ó ní kí n kí ọ.

O bi mí ní ẹni tó dúró tì mí. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, gbogbo ọkùnrin ló dé nǹkan sórí. Mi ò wo ọwọ́ òsì mi. Ìwọ ló yẹ kó o dúró síbẹ̀, tó o bá sì wà níbẹ̀, o ò ní máa bi mí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o ò lè rí láti òkè fún ọ. Ògiri itẹ́ òkú àtijọ́ ṣì wà, ó dé mi ní orúnkún. Láti ẹnu ọ̀nà, a fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ dé ìlà ìsàlẹ̀. A ò rí nǹkan kan. Gbogbo àgbélébùú ni o ti ní kí wọ́n kó gòkè lọ́dún náà lọ́hùn-ún, kí wọ́n lè kàn wọ́n mọ́ ara ibojì tuntun, kò wá sí àmì kankan nísàlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin Palmira gbẹ́ ẹrẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó ń padà dí. Ẹnjiníà tuntun kan, ọmọdé ni, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sunkún, ó ní òfin ò gbà wá láyè. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fi àga gbé Fádà Celso sọ̀ kalẹ̀, ó sì pe orúkọ wọn. Nígbà tó kan bàbá rẹ, mo ní kó dákẹ́, mo fi ẹnu ara mi pè é. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà, pé mi ì bá ti wá tipẹ́. Palmira tutọ́ síwájú mi lọ́jọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kẹta, ó di apá mi mú ká lè jọ gòkè, nítorí ẹrẹ̀ ń yọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí. Mi ò bi í.

Omi ti padà báyìí.

Àwọn ìdílé ṣèpàdé lórí àwọn àpótí. Àwọn kan ní kí wọ́n kó egungun inú wọn padà sínú kòtò kan, kí wọ́n sì fọ́ òkúta. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan tèmi. Ẹni yòówù tó wà nínú àpótí yẹn, ará Valsorba ni, ó kú kí wọ́n tó bí ìyá mi, kò sì sẹ́ni tó ń tan fìtílà fún un mọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo àṣírí mi láti ọdún méjìdínlógún, kò tú u síta. Bí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ mi sí. Ó ti mọ́ mi lára ju kí n máa wá ibòmíràn lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sùn sábẹ́ irọ́. Orúkọ Nazzareno bàbá rẹ gbọ́dọ̀ kúrò lára òkúta. Mo lọ bá akọ̀wé ìlú. Ó ní èèyàn ò kàn lè pa orúkọ òkú rẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó fọwọ́ sí i pé òkú wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kò sí níbẹ̀, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó níta kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Kò fẹ́ dárúkọ rẹ níṣojú mi. Mo bá a dá a.

Ìwé náà wà nínú àpò ìwé yìí. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ìlà kẹta ló ní Nazzareno ò sí nínú ibojì yẹn, pé ìlú mọ ibi tó wà. Ibi tí wàá fọwọ́ sí wà lábẹ́ rẹ̀. Má fi pósítọ́fíìsì dá a padà o. Gbé e wá fúnra rẹ, kó o gba iwájú ilé Palmira kọjá lójúmọmọ.

Ìyá rẹ,
Ersilia